Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ìjà tọkọtaya tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí la sábà máa ń fi òwe yìí parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì ni mo fẹ́ fi í bá wí lónìí, nítorí Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó kún fún wọn.

Láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàndó, ilé òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n fi kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, páànù lọ́dún mìíràn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ti pé ẹni 60 ọdún, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ilé ló kàn. Ó wá délé tán, aago mẹ́rin ìdájí tó fi ń sá fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìyànà Ìpájà ṣì ń jí i. Ara ti jókòó, ọkàn ṣì ń lé mọ́tò. Òmíràn á ní tipátipá lòun máa fi sinmi: oògùn oorun lálẹ́, ọtí lọ́sàn-án, tẹlifíṣọ̀n láàárín méjèèjì. Ìsinmi tí wọ́n fagbára mú yìí, ara kì í gbà á.

Mo mọ ìyá kan ní Ìgàndó tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì ló lọ kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọn ò bí i sídìílé aláró o. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, láàárín táǹkì omi àti jẹnẹrétọ̀, ló ti ń ṣe é. Á ro ẹ̀kọ láfún, á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, á sẹ́ ẹ kó má ṣe ní kókó, á wá fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun tó tẹ́ sórí tábìlì. Bó bá yà á tán, aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni òwe wa ti fojú hàn. Ẹni tó bá kánjú ki aṣọ bọ aró nígbà tí ẹ̀kọ ò tíì gbẹ, ẹ̀kọ á ṣí, ọnà á pòórá. Ẹni tó bá sì gbàgbé ẹ sínú aró, bákan náà ni yóò rí. Ńṣe ni wọ́n ń kì í bọ̀ ọ́, tí wọ́n á yọ ọ́, tí wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tí wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró èlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú aró lójú ẹni. Kò sì sẹ́ni tó lè ti atẹ́gùn lẹ́yìn pé kó yára.

Mo bi í pé, “Mà, kí lẹ rí nínú wàhálà yìí?” Ó ní, “Bí mo bá ti mú ìyẹ́ yìí dání báyìí, n kì í gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnì kankan.” Ẹni tó bá mọ Ìgàndó á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ náà ti fojú sí i. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà 39 fi ìṣẹ́jú 45 ya àwòrán, mọ amọ̀, tàbí gé bébà lẹ̀ mọ́ra. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni èròjà másùnmáwo inú ara wọn lọ sílẹ̀, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ọnà rí àti ẹni tí kò ṣe é rí. Àwọn tó kù ńkọ́? Tiwọn ò lọ sílẹ̀. Ọnà kì í ṣe àgúnmu gbogboǹṣe.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ẹlẹ́rìí fún òwe yìí, Òṣogbo ni n ó lọ. Ọdún 1918 ni wọ́n bí Aṣírù Ọlátúndé síbẹ̀, ní ìdílé alágbẹ̀dẹ. Òun náà rọ irin títí àìlera fi gba owú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́, Ulli Beier àti Susanne Wenger, òyìnbó méjì tó ń gbé iṣẹ́ ọnà lárugẹ níbẹ̀, sì gbà á níyànjú. Ó ti lé lógójì ọdún kó tó di ẹni tó ń fi òòlù kékeré lu ọnà sára páànù bàbà àti alumíníọ̀mù: igi tó kún fún ẹyẹ, ọdẹ àti ẹran ìgbẹ́, ìtàn inú Bíbélì. Agbára ìlurin ti lọ, ẹ̀sọ̀ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀sọ̀ náà ló sì gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun kó tó kú lọ́dún 1993.

Ẹnìkan á ní, ṣebí Aṣírù ń ta tirẹ̀. Ó ń tà á, mo gbà. Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ há sọ́wọ́ ìjọba náà gbọ́dọ̀ jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹ́ adìẹ tan ẹni tí ebi ń pa. Àwọn tó ní àkàrà tí wọ́n ó fi mu ẹ̀kọ tiwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní Èkó wa yìí, kò tíì sí ohun tí èèyàn fọwọ́ kàn tí wọn ò ní sọ di ọjà. Aṣọ kejì ni ìyá Ìgàndó yẹn ṣì ń ṣe tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wí pé, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí Instagram, ẹ ó rówó níbẹ̀.” Ìyá ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.” Tèmi ni pé ìyá jàre. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ti fi ọjọ́ sí i fún un pé Sátidé lòun fẹ́ gba aṣọ, aago mẹ́rin ìdájí ti padà dé nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, bí bàbá tàbí ìyá yín bá bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Ìkòtún tàbí Ìpájà níbẹ̀, ẹ má tíì bi wọ́n ní iye tí wọ́n ó tà á. Bí ẹ bá gba Abẹ́òkúta kọjá, ẹ yà ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú, kẹ́ ẹ bá wọn ra aró bọ̀.