Ẹ Ka Ojú Kámẹ́rà Mọ́ Ogún



Bí a bá ń palẹ̀ ẹrù òkú mọ́, nígbà mìíràn a máa ń bá kámẹ́rà onífíìmù nínú àpótí. Àwọn ẹlòmíràn a gbé e fún ọmọdé ṣeré, wọ́n a ní kò wúlò mọ́. Ẹ dákun, ẹ ṣe sùúrù. Ara kámẹ́rà náà lè ti kú, kí ojú rẹ̀, èyíinì ni dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ṣì yè. Onímọ̀ Mùsùlùmí nnì, Ibn al-Haytham ará Basra, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1040, ti kọ̀wé lórí ìmọ́lẹ̀ àti bí a ṣe ń ríran. Ìmọ́lẹ̀ ìgbà náà ni ti òní.

Helios 44 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti Takumar ti ilẹ̀ Japan, àwọn tí a máa ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, ṣì ń ya àwòrán dáadáa lára kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù. Òrùka irin ni a fi ń so wọ́n pọ̀: apá kan bá ojú àtijọ́ mu, apá kejì bá kámẹ́rà tuntun mu. Kámẹ́rà náà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí kò mọ̀ pé ojú wà lára òun. Ẹ wá ibi tí a ti ń pàṣẹ fún un pé kí ó máa yà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni ẹ ó fi máa yí ojú náà títí àwòrán yóò fi hàn kedere. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ya ìsọmọlórúkọ tàbí yìgì, kí ó kọ́kọ́ dánra wò nílé, nítorí ayẹyẹ kì í dúró de ayàwòrán.

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ohun tí ó níye lórí, ogún ni. Ọmọ tí ó mọ iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á ní ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ opó àti àwọn ọmọ òrukàn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kà á mọ́ dúkìá kí ẹ tó pín in.

Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ọ̀rinrin ti mú un. Kò burú kí ẹ tà á. Kí ẹ fi àbùkù rẹ̀ pamọ́ ni ó burú. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan rí, ó sì bá a pé inú rẹ̀ tutù. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a jẹ ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.