Mélòó Ni Ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ní ìlú Ọba, ẹni tó bá fẹ́ ta ohun ìjà sí òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba, wọn kò sì gbọdọ̀ fún un bí ewu bá hàn gbangba pé wọ́n lè fi rú òfin ogun gidigidi. Ó dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ nígbà tí Sáúdì bẹ̀rẹ̀ sí ju bọ́ǹbù sí Yemen ní 2015, òǹtẹ̀ ò kúrò lórí ìwé. Ó di oṣù Kẹfà 2019 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ní ìgbésẹ̀ ìjọba kò bófin mu: wọn ò tilẹ̀ wò ó bóyá oníbàárà wọn ti rú òfin ogun rí. Ní oṣù Keje 2020, Liz Truss, mínísítà òwò òkèèrè, ní ọjà ti tún ṣí. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣeé ṣe kí Sáúdì ti rú òfin ogun, wọn ò so kọ́ra. Ẹ gbọ́ ná! Ní ibi ìsìnkú kan ní Sanaa, oṣù Kẹwàá 2016, bọ́ǹbù ẹgbẹ́ ogun Sáúdì pa èèyàn tó lé ní 100. Àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ di ẹni tí à ń ṣọ̀fọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lu òǹtẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan mélòó ló gbọ́dọ̀ pé kó tó di àṣà?