Àtẹ Wo Ni Ó Yẹ Àwòrán Orí Kọ̀ǹpútà?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, a kí ìdílé tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ ní Rumuolumeni níbí: ẹ kú ewu ọmọ, kí Olúwa wò ó dàgbà.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ó gbé ọ̀rọ̀ tòní wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin a máa ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún tí ó kọjá, ó ṣe Ṣàngó kan tí ó dúró sí ibùdó rélùwéè. Blender ni ó fi mọ ara rẹ̀ bí ẹni mọ ère, ibisPaint orí fóònù ni ó fi kun ojú àti aṣọ, Photoshop ni ó sì fi tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe. WhatsApp nìkan ni ó ti fi í han àwọn ọ̀rẹ́. Kò pẹ́ tí a fi rí Ṣàngó náà lára kàlẹ́ńdà kan ní ìgboro, láìsí orúkọ ọmọ wa, láìsí kọ́bọ̀ kan fún un. Nígbà tí a lọ béèrè, wọ́n ní, "Ẹ̀rí dà?" Ìyá rẹ̀ wá ń fẹ́ mọ àtẹ tí ó yẹ kí ọmọ náà máa pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí kì í ṣe áàpù kan ṣoṣo ni ó ń lò.

Àwọn kan rò pé áàpù mẹ́ta fún àwòrán kan, èrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Osinachi, ọmọ Aba tí kò jìnnà sí wa, Microsoft Word tí àwa akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà ni ó fi ń ya àwòrán, ilé gbàǹjo Christie's sì ta iṣẹ́ rẹ̀ ní 2021. Bí ọ̀kan bá tó iṣẹ́, kí a lo ọ̀kan. Bí mẹ́ta ni iṣẹ́ ń fẹ́, kí a lo mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ní ọ́fíìsì wa, ẹrù tí ó bá gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá, ìwé rẹ̀ ní láti fi ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn. Bí òǹtẹ̀ kan bá sọnù, ìjà dé.

Behance, tí Adobe rà ní 2012, ní àyè fún orúkọ gbogbo irinṣẹ́. Ojú ìwé rẹ̀ gùn: ère lásán lè ṣáájú, kí èyí tí a kùn tẹ̀ lé e, kí àṣeparí kẹ́yìn, kí a sì kọ àlàyé sáàárín. ArtStation, tí ó ti wà lọ́wọ́ Epic Games láti 2021, ní àyè fún orúkọ irinṣẹ́ pẹ̀lú, ẹni tí ń wò sì lè yí ère náà po. Ibẹ̀ ni àwọn aṣefíìmù àti aṣe-géèmù ti ń wá òṣìṣẹ́. Ojú wọn mú, ẹni tí ó ní àwòrán kan ṣoṣo dà bí ẹni tí ó gbé àdá kan lọ sí ọjà alágbẹ̀dẹ. DeviantArt ti wà láti 2000, ó dára fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n inú àlàyé ni a óò ti fúnra wa kọ irinṣẹ́. Instagram wà fún kí ará ilé rí wa.

Bí ọ̀kan nínú àwọn áàpù náà bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń dá àwòrán yà fúnra rẹ̀, ẹ sọ ọ́ gbangba. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ lórí ArtStation ní oṣù Kejìlá 2022. Malik Afegbua ti Èkó sọ ọ́ ní tirẹ̀ ní 2023, nígbà tí ó gbé àwòrán àwọn àgbàlagbà tí ń ṣe fáàrí aṣọ jáde.

Ìmọ̀ràn mi fún ìyá wa ni pé kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ní Behance. Ẹni tí ó jí àṣeparí kò ní ère lásán lọ́wọ́, ojú ìwé tí ó fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, tí ọjọ́ wà lára rẹ̀, ni èsì fún "Ẹ̀rí dà?" Bí iṣẹ́ bá pé márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ó ṣí ti ArtStation. Kò sí èyí tí a kò lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́ nínú wọn. Kí ó má gbé èyí tí ó tóbi jù lọ síta, kí ó sì tọ́jú fáìlì ìpilẹ̀ sí ibi méjì, nítorí fóònù a máa bọ́ sọnù nínú ọkọ̀ wa níbí.

Ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣí i, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Kí ó mú dátà tirẹ̀ dání o.