Àbájáde Tí A Sè Kò Ṣeé Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ sáyẹ́ǹsì ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin Jambite tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kóòtù láàbù, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kàn ń fẹsẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ ni. Oúnjẹ kan wà tí à ń sè nílé-ẹ̀kọ́ yìí tí kì í ṣe ti búkà: àbájáde ìwádìí.

Ọdún kìn-ín-ní ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó o ṣe titration lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó o wá ìpíndọ́gba. O ṣe ẹyọ kan, o kọ 24.50. O fi 0.10 kún un, o tún yọ 0.10 kúrò, ó di mẹ́ta. Wọ́n fún ẹ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, o ní o já fáfá. Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ kọ́ lo ṣe é, bírò rẹ ló ṣe é! Nígbà tó o bá fi máa dé ọdún tó kẹ́yìn, ó ti mọ́ ẹ lára: project oṣù mẹ́fà, alẹ́ méjì lo fi sè é jinná ní business centre.

Mo mọ àwíjàre wa. Iná kì í sí. Kẹ́míkà kò sí. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bí wa. Ìyanṣẹ́lódì gbé nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lọ ní 2020, ó tún gbé mẹ́jọ lọ ní 2022. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìjọba sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ṣé ìjọba ló máa mu omi náà ni?

Omi wo? Ẹ jẹ́ ká ní omi kànga àdúgbò ni project rẹ dá lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ sí E. coli kankan nínú mililita 100 omi mímu. Ìwọ ò dé ìdí kànga, o jókòó sí hostel, o kọ òdo síwájú kànga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyá tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní omi yẹn kò mọ business centre. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ náà ńkọ́?

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni. Jan Hendrik Schön, ọmọ Jámánì, ń ṣe ìwádìí ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ìwé ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ wìtìwìtì. Wọ́n wá rí i pé àwòrán kan náà ló ń lò fún àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 2002. Ní 2004, Yunifásítì Konstanz ní àwọn gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ padà. Àìsí iná kọ́ ló sọ ọ́ di òpùrọ́ o!

Kí wá ni ṣíṣe? Mú iṣẹ́ kékeré tí apá rẹ ká. Kànga méjì tó o yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn ju ogún tó o fẹnu yẹ̀ wò. Ra ìwé àkọsílẹ̀, fi bírò kọ ọ́, kọ déètì, kọ ohun tó o rí lójú ẹsẹ̀. Bó o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan gbà á láàárín, má pa á rẹ́. Bí iná bá lọ, kọ pé iná lọ. Bí iṣẹ́ ò bá yọrí, kọ pé kò yọrí: ìyẹn náà àbájáde ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹni tó sọ òótọ́ pé tòun ò yọrí, ẹ má jẹ́ kí máàkì rẹ̀ kéré sí ti ẹni tó sè é. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin lẹ ń fi máàkì ra irọ́ lọ́wọ́ wa.

À ń pariwo Aluta lẹ́nu géètì pé ìjọba ń purọ́ fún wa. Ẹ jẹ́ ká lé irọ́ kúrò ní láàbù tiwa ná. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.