Ọmọ Wa Fẹ́ Ṣe Olùkọ́

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, bí a ti ń tú ká nílé Ọlọ́run, ìyá kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àkọ́bí òun obìnrin ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Baba ní òun kò náwó kí ọmọ jáde nínú kíláàsì kí ó tún padà sínú rẹ̀.

Ìyá bẹ̀ mí kí n bá òun bẹ ọkọ òun. Mo lọ́ra, nítorí pé ọdún mẹ́ta ni èmi náà fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kí n tó lọ di akọ̀wé ní ọ́fíìsì. Owó oṣù máa ń pẹ́, ìyàwó mi sì ń retí ọmọ.

Kí ni í mú ènìyàn yan iṣẹ́ yìí? Kí a má tan ara wa: púpọ̀ nínú àwọn baba wa kò yàn án bí ẹni ń ṣa ọsàn lọ́jà. Nígbà tí àwọn C.M.S. dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896, ilẹ̀kùn olùkọ́ ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lọ́yà a sábà máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Òyìnbó. Lónìí pàápàá, ọ̀pọ̀ ni í lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nítorí pé máàkì wọn kò tó ti yunifásítì.

Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí kíláàsì rẹ̀ kángun sí tèmi. Ó ní ọdún kan péré ni òun yóò lò. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò mọ “gb” yàtọ̀ sí “b”, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rẹ́ mi a máa dá a dúró lẹ́yìn agogo, a máa fi igi kọ lẹ́tà sórí iyanrìn fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà dìde, ó ka ojú ewé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀rẹ́ mi jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń nu ojú, ó ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi fẹ̀yìntì.

Síbẹ̀ ẹ̀rù baba kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Wọ́n ní ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà, ṣùgbọ́n kò sí oníṣu tí yóò ta iṣu láwìn de ọ̀run. Àwọn olùkọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1931, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́. Òfin 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì wọn sí ọmọ 65 ọdún tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́; ó dára, ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í san owó ilé.

Mo bi ìyá léèrè bóyá ọmọ náà ti ń kọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a rán an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ agbolé ni, lálaalẹ́, wọ́n sì ti fi ṣọ́ọ̀kì ba ògiri òun jẹ́.

Mo lọ bá baba ní ọjọ́rú. Ó ní, “Ẹ̀yin Olùkọ́ ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ni ẹ wá sọ fún mi?” Mo sọ fún un pé mo ṣì rántí orúkọ gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́, n kò sì rántí fáìlì kan. Kò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dìde láti máa lọ, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà.