Ta Ni Ó Ní Irọ́ Ni Ìjàkadì Junkyard Dog?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, ọ̀rọ̀ kan ti ń ká wa lára tipẹ́, a kò sì fẹ́ gbé e mì mọ́. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí Oba Femi, ọmọ wa láti Èkó tí ó ti kọ́kọ́ ń ju irin fún Yunifásítì Alabama, ti gba bẹ́líìtì NXT, agbára káká ni a fi ń wọ ilé kan tí wọn kò ní fi àwòrán rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Inú tiwa náà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan tí wọ́n ń pín àwòrán yìí kiri, àwọn kan náà ni wọ́n ń pa tẹlifíṣàn mọ́ ọmọ lójú ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní irọ́ ni ìjàkadì, eré àwọn akátá ni, kí ọmọ lọ gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa tẹlifíṣàn nígbà náà ni Junkyard Dog. Ẹjọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ rò lónìí.

Àwa tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Louisiana nígbà náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Sylvester Ritter ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ Wadesboro ní North Carolina, tí a bí ní oṣù Kejìlá ọdún 1952. Ó gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní Fayetteville State kí ó tó di oníjàkadì, Big Daddy Ritter ni wọ́n sì ń pè é ní Calgary ní Kánádà. Bill Watts, òyìnbó ará Oklahoma tí ó ni ẹgbẹ́ Mid-South, ni ó sọ ọ́ di Junkyard Dog. Inú orin Jim Croce kan ni ó ti mú orúkọ náà. Louisiana, Mississippi, Arkansas àti Oklahoma ni Mid-South ń ná, nítorí náà ẹni tí ó wà ní New York lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ní New Orleans, láàárín 1980 sí 1984, ẹ wo ọ̀rọ̀! Gbọ̀ngàn Irish McNeil's Boys Club ní Shreveport ni wọ́n ti ń ya eré náà fún tẹlifíṣàn, ibi kékeré kan báyìí tí òǹwòran fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kan oníjàkadì. Bí Ajá bá ti wọlé pẹ̀lú ṣéènì lọ́rùn, ilé á mì tìtì. Bí ó bá sì ti gbé ẹnì kan sókè tí ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lalẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹ ní irú ènìyàn wo ni ó ń jẹ́ Ajá Orí Ààtàn. Àbí àwa ni a kò ní Ajá nílé? Àwọn bàbá wa ni wọ́n ń sọ àbíkú ní Ajá, kí ó má baà wu ikú. Ẹ fi ti orúkọ sílẹ̀ o.

Irọ́ tí ẹ pè é ni ó dùn wá jù. Ní 1982, Ted DiBiase tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà á, ó kó irin sínú ìbọ̀wọ́, ó fi gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ja ìjà kan tí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá dá yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní agbègbè náà. Wọ́n dá Ajá. Kò pẹ́, ọkùnrin kan yọ pẹ̀lú aṣọ lójú, ó ní Stagger Lee ni òun ń jẹ́, orúkọ akọni kan nínú ìtàn àtijọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àyà kan náà, ìrìn kan náà, bí ó ṣe ń gbé ènìyàn lulẹ̀ kan náà. DiBiase ń pariwo pé Ajá nìyí, Ajá nìyí. Èrò ìwòran ní àwọn kò mọ ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó tú àṣírí.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ kò rí nǹkan kan níbẹ̀? Àwa kọ́ ni a óò máa sọ ohun tí ó wà lábẹ́ agọ̀, kí awo má bínú. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ti dìde lójú agbo rí tí ó ní irọ́ ni ará ọ̀run ń pa? Dúró Ládipọ̀ ń ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So, a kò pè é ní òpùrọ́. Ní Ọ̀fà, tí a kì í ki àwọn ará ibẹ̀ kí a má dárúkọ ìjàkadì, Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ a máa bá ìjòyè rẹ̀ jà á níbi ọdún ìbílẹ̀ wọn. Ṣé ẹ ń retí kí ìjòyè ṣẹ́ ọba lápá kí ẹ tó gbà pé òótọ́ ni? Òpùrọ́ ni ẹni tí kò fẹ́ kí o mọ̀. Ẹni tí ìwọ àti òun jọ mọ̀, tí ẹ sì jọ dákẹ́, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́. Pákó sì ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ń ṣubú lé lórí yẹn, alaalẹ́ ni ó ń ṣubú lé e.

Ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ Louisiana, ẹni tí kò mọ ìtàn ibẹ̀ ni yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1956, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun kò gbọdọ̀ bá ara wọn díje nínú eré ìdárayá. Ní 1959 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fọwọ́ sí i pé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1980, aláwọ̀ dúdú yìí ni ó kó èrò tí ó lé ní 20,000 jọ sínú Superdome, dúdú àti funfun, kí wọ́n lè wá wo bí yóò ṣe gbẹ̀san lára Michael Hayes. Hayes àti àwọn Freebirds ẹgbẹ́ rẹ̀ ti da ìpara tí a fi ń yọ irun sí i lójú, wọ́n ní ó ti fọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin, tí bàbá kò sì lè rí ojú ọmọ. Inú àgò irin ni wọ́n ti jà, tí ṣéènì so ọrùn wọn pọ̀. Àwọn oníjàkadì ìgbà náà a máa sọ ọ́ pé ẹnì kan láàárín èrò ti yọ ìbọn sí Hayes lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ó ń ké sí Ajá pé òun wà lẹ́yìn rẹ̀. A kò yin ìbọn yíyọ. Ṣùgbọ́n irú ìfẹ́ yẹn, òyìnbó kò fún aláwọ̀ dúdú kankan láyè láti ní in ní gbangba níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá gbé gbogbo èyí, ẹ pè é ní eré akátá. Orúkọ ẹranko igbó ni akátá, gbogbo yín ni ẹ mọ̀. Ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín nídìí oúnjẹ, ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó lè ya òun àti àwọn tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kan fi ọ̀rọ̀ náà sọ ọ̀rẹ́ nù. Àwọn kan tijú ilé tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti fi Yorùbá sílẹ̀ pátápátá, tí ẹ fi wá ń bi wá pé kí ni ẹgbẹ́ ń ṣe sí i. Ọlọ́pàá tí ó bá dá ọkọ̀ ọmọ yín dúró lálẹ́ kò ní béèrè bóyá Ọ̀yọ́ ni ìdílé rẹ̀ ti wá tàbí Wadesboro. Bí Ajá àti àwọn bíi tirẹ̀ kò bá ti la ọ̀nà náà, ta ni yóò pe orúkọ Oba Femi sórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà láìgé e kúrú?

Ẹnì kan sọ fún wa pé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn ún wò. Òtítọ́ ni pé ara rẹ̀ ti wúwo nígbà tí ó fi dé WCW, kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n WWF tí ó lọ ní 1984 mọ ohun tí wọ́n rà: ó wà níbi WrestleMania àkọ́kọ́ ní 1985, ó borí gbogbo wọn nínú ìdíje alẹ́ kan tí wọ́n ṣe nítòsí Chicago ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó ń pe àwọn ọmọdé láti àárín èrò wá bá a jó láàárín okùn. Bẹ́líìtì àgbà, wọn kò fún un. Ọdún 2004 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni wọn, kò sì sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 1998 ni ó kú, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó wa ọkọ̀ lọ láti lọ wo ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà tí ó ń gba ìwé ẹ̀rí girama ní Carolina, ojú ọ̀nà ni ó sì wà ní Mississippi tí ó ń padà bọ̀, nígbà tí ọkọ̀ náà kúrò lójú títì. Èwo nínú ẹ̀yin bàbá ni kò tíì wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ?