Ilé di tiwọn, ilẹ̀ ò di tiwọn: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Irvine

Tí wọ́n bá ń polówó ẹ́síteètì tuntun lórí Instagram, géètì la máa ń kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà títì tó dán, iná tí kì í lọ, àti pápá táwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí kì í sí nínú ìpolówó náà: ta ló ni ilẹ̀ abẹ́ ilé? Àwọn ará Irvine, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti rí i bí ìbéèrè yìí ṣe le tó.

Èèyàn tó lé ní 300,000 ló ń gbé Irvine báyìí, ṣùgbọ́n oko ẹran ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Acjachemen àti Tongva ló wà lágbègbè náà kí àwọn ará Spéènì tó dé. Nígbà tó bọ́ sábẹ́ Mẹ́síkò, ìjọba ibẹ̀ fún José Sepúlveda ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rancho San Joaquin. Amẹ́ríkà gba California lọ́dún 1848. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, òfin tuntun ní kí gbogbo ẹni tí Spéènì tàbí Mẹ́síkò fún nílẹ̀ wá fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni ín. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ nílẹ̀, owó lọ́yà náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ọ̀dá ọdún 1863 sí 1864 tún pa màlúù lọ rẹpẹtẹ, Sepúlveda tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn ta ilẹ̀ náà ní 18,000 dọ́là fún James Irvine àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Lọ́dún 1876, Irvine fi 150,000 dọ́là ra ìpín àwọn yòókù. Ilẹ̀ tó lé ní 100,000 éékà di ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ Irvine Company lọ́dún 1894.

Báwo ni oko ẹran ṣe wá di ìlú? Yunifásítì California ń wá ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà lọ́dún 1960 láti fún un ní 1,000 éékà ní dọ́là kan péré. Ayàwòrán ilé kan, William Pereira, ya àwòrán ìlú tí èèyàn 50,000 máa gbé yí ọgbà yunifásítì náà ká. Ẹ má pè é ní sàráà o. Ilẹ̀ tó yí yunifásítì ká ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ sì ń gòkè. Yunifásítì ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1965. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1971, Irvine ti di ìlú tó ní ìjọba tirẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ra ilé síbẹ̀ kò ra ilẹ̀. Wọ́n kàn háyà ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ni, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń san. Nígbà tí àsìkò tó láti tún owó náà yẹ̀ wò, ilẹ̀ ti di wúrà. Owó tí ilé-iṣẹ́ náà ń béèrè fò sókè débi pé àwọn onílé kóra jọ, wọ́n fárígá.

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò sinmi. Àjọ aláàánú kan tí ìdílé Irvine dá sílẹ̀ ló ní ìpín tó pọ̀ jù, àmọ́ òfin owó orí ọdún 1969 ò jẹ́ kó lè di gbogbo rẹ̀ mú mọ́. Joan Irvine Smith, ọmọ ìdílé náà, gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Lọ́dún 1977, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ náà ní 337 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn olówó kan tí Donald Bren wà lára wọn. Nígbà tí Bren gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́dún 1983, wọ́n parí ìjà pẹ̀lú àwọn onílé: ẹni tó bá fẹ́ lè ra ilẹ̀ abẹ́ ilé rẹ̀.

Lójú tèmi, àǹfààní àti ewu Irvine, ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Torí pé ọwọ́ kan ló di ilẹ̀ mú, ó ṣeé ṣe láti ro ọ̀rọ̀ títì, ilé-ìwé àti pápá kí ilé tó pọ̀. Torí ọwọ́ kan náà ni, nígbà tí owó ilẹ̀ fò sókè, onílé ò rí ibòmíì sá sí.

Ṣé tiwa wá yàtọ̀ ni? Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. C of O tí à ń dúnnú sí pàápàá lọ́jọ́ tó máa parí, ọdún 99 ló sábà máa ń jẹ́. Torí náà, kó o tó kó owó tó o ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí fún ẹ́síteètì kankan, béèrè ìwé tí wọ́n máa fún ẹ. Ọdún mélòó ló kù lórí ẹ̀? Ta ló láṣẹ láti fi kún owó tí wàá máa san lọ́dọọdún, kí ló sì lè dá a dúró? Tó o bá fẹ́ tà á lọ́la, ta lo máa kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀? Jẹ́ kí lọ́yà tìẹ kà á, kì í ṣe lọ́yà wọn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Géètì tó rẹwà kì í dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè wọ̀nyẹn.